Àmì Pupa Lára Ẹ́ńjìnì Bàbá Mi

Télọ̀ ni mí ní Sùúrùlérè, n kì í sì gbé maṣíìnì ìránṣọ mi fún ẹnikẹ́ni tún ṣe. Bí ó bá ń já òwú, màá tú u títí màá fi rí ohun tó ń ṣe é. Ìyá mi ní láti kékeré ni ojúmìító ti ń yọ mí lẹ́nu, pé èmi ni mo tú rédíò ilé palẹ̀ torí pé mo fẹ́ rí ibi tí ọkùnrin tó ń ka ìròyìn jókòó sí. Òótọ́ ni. N kò rí i, mo sì jẹgba.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, inú mọ́tò bàbá mi ni mo fẹ́ rí. Bàbá mi ti kú láti ọdún méjì. Wọ́n fi mọ́tò asáré ayé àtijọ́ kan sílẹ̀, ilẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì péré, tó wálẹ̀ débi pé ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ á rò pé orí àpótí ìdáná lòun jókòó sí. Ọmọ márùn-ún ni wá. Abẹ́ tapólì ni mọ́tò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà ilé bàbá mi, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn tó fẹ́ gbẹ́ bọ́họ́ọ̀lù fún wa sọ pé omi wà. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń bọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi pè mí lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní bí mọ́tò náà bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nínú ọgbà kí ó tó di Sátidé, kí n máa gbé e lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Bí kò bá jáde, àwọn tó ń ra irin àlòkù á wá gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Inú mi kò dùn, àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? Àwọn ayálégbé gbọ́dọ̀ rí omi lò.

Ohun kan wà tí mo ti ń fẹ́ mọ̀ láti ìgbà èwe mi. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, wọ́n á lé àwa márààrún lọ sí lẹ́sìnnì. Bí a bá ń jáde, bàbá mi á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a bá fi máa dé, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti padé, mọ́tò ti ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́, bàbá mi ń fi ọṣẹ fọwọ́, ìyá mi wà ní kíṣìnì, ọwọ́ tiwọn náà ń rùn fún epo. A rò pé ti sítóòfù ni. A kò fojú rí ohun tí bàbá mi ń ṣe sí mọ́tò yẹn rí. Bí wọ́n bá wá gé e, n kò ní mọ̀ ọ́n mọ́ láéláé.

Ní ti ìyá mi, "ọkọ̀ tí kò gba ọmọ" ni wọ́n ń pè é. Mo gbà pé wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ ni, n kò sì dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Abéèrè kì í ṣìnà, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kiri. Mẹkáníìkì kan wá láti Múṣin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó gbé bátìrì tuntun sí i, ó ta sítátà, ẹ́ńjìnì yí, kò dáná.

"Àǹtí, kò sí iná níbi púlọ́ọ̀gì rárá," ó ní. "Dìsìtíríbútọ̀ ló ń ṣe é. Àwa ò sì kọ́ yẹn mọ́ o, kọ̀ǹpútà la fi ń yẹ mọ́tò wò báyìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ jàre."

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ní Yábàá. Àwọn yẹn ní bàbá mi kì í jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kankan débi ẹ́ńjìnì. Mo padà sí orí fóònù, mo rí òyìnbó arúgbó kan tó ń tú dìsìtíríbútọ̀ nínú fídíò, mo sì wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi wá dùn, nítorí ohun tó ṣí yé mi. Nǹkan náà kò ju agolo mílíìkì lọ, wáyà mẹ́rin tó nípọn yọ lórí rẹ̀. Ohun kékeré kan bí ọwọ́ aago ń yí nínú rẹ̀, òun ló ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ rẹ̀, irin kéékèèké méjì ń fẹnu kanra, wọ́n ń ṣíra. Bí wọn kò bá ṣíra tó, tàbí tí wọn kò ṣíra lásìkò, kò sí iná. Bí maṣíìnì mi ṣe rí náà nìyẹn: bí abẹ́rẹ́ bá wọlẹ̀ tí ìkọ́ abẹ́ kò pàdé rẹ̀ lásìkò, kò ní ran aṣọ.

Lọ́jọ́rú mo tú u. Ẹnu irin méjèèjì ti dúdú. Mo fi sánpépà múlọ́múlọ́ ha á, mo ya páálí ìṣáná, mo fi wọn àlàfo àárín wọn bí òyìnbó náà ṣe wí. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. Ṣùgbọ́n gíríìsì bo gbogbo ara dìsìtíríbútọ̀ náà, ìyá mi kò sì tọ́ mi láti dá nǹkan ìdọ̀tí padà sáàyè rẹ̀. Mo tú u kúrò lára ẹ́ńjìnì pátápátá, mo fi bẹntiróò àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́. Ó ku àwọn àmì pupa kan tí kò lọ, ọ̀kan lọ́rùn rẹ̀, àwọn yòókù lára àwọn wáyà. Mo ṣe bí ọ̀dà tó ta sí i ni. Mo fi réésà ha wọ́n dànù. Nígbà tí mo ṣe tán, gbogbo rẹ̀ ń dán gbinrin, mo sì yin ara mi.

Lọ́jọ́bọ̀ mo fẹ́ dá a padà. Ó wọlé síhìn-ín, ó wọlé sọ́hùn-ún, n kò mọ èwo ni ojú rẹ̀. N kò sì mọ wáyà wo ló ni púlọ́ọ̀gì wo. Mo fi ojú díwọ̀n, mo ta sítátà, ìdí mọ́tò dún gbàù. Àwọn ayálégbé sáré jáde. Mo yí i padà, ó tún dún. Mo gbìyànjú títí bátìrì fi kú. Mo wá jókòó sórí sìmẹ́ńtì, mo ń sunkún bí ọmọdé. Ọjọ́ kan péré ló kù, èmi fúnra mi ni mo sì ba nǹkan tí mo fẹ́ gbà là jẹ́.

Ìyá mi wà lórí ìjókòó wọn ní fàráńdà láti àárọ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

"Ṣé kì í ṣe pé o ti ha àwọn àmì yẹn kúrò?" wọ́n ní.

"Àmì wo, Màámi?"

"Àmì pupa. Kútẹ́ẹ̀sì mi."

Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà kalẹ̀, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin ni mo tò sára wáyà yẹn. O ò tiẹ̀ kà á?"

Èmi tí mo tú rédíò, n kò kà á.

Wọ́n ní kí n yọ púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́. Wọ́n ti àtàǹpàkò wọn bọ ihò rẹ̀, wọ́n ní kí n fi sípánà sí nọ́ọ̀tì iwájú ẹ́ńjìnì, kí n máa yí i díẹ̀díẹ̀.

"Má kánjú. Kò tíì dé. Tún yí i. Ó ń bọ̀, atẹ́gùn ti ń tì mí lọ́wọ́. Ó tó, dúró." Wọ́n fi ojú hàn mí ibi tí ilà ara wíìlì kékeré iwájú ẹ́ńjìnì ti ń wo irin ṣóńṣó kan. "Nọ́ńbà wáànù ti dé òkè nìyẹn. Gbé dìsìtíríbútọ̀ rẹ sí i. Ibi tí ọwọ́ aago inú ẹ̀ bá kọjú sí, wáyà nọ́ńbà wáànù ló ni ibẹ̀."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

Wọ́n dijú. "Ọ̀kan, mẹ́ta, mẹ́rin, méjì. Bàbá yín kì í rántí ẹ̀. Ọwọ́ wọn tún ti le jù, wọn kì í mọ̀ tí atẹ́gùn bá dé. Wọ́n lè yí sípánà ṣá."

A gbé bátìrì lọ fún jáàjì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ta sítátà. Mọ́tò wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wú u, ó dáná. Ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ìyá mi sì fi ọwọ́ di dìsìtíríbútọ̀ mú, wọ́n rọra ń yí i sápá òsì, wọ́n dẹ etí sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ohùn tí mo máa ń bá nílé bí mo bá ti lẹ́sìnnì dé.

"Ibẹ̀ nìyẹn," wọ́n ní. "Dè é."

Àwọn ayálégbé ṣí géètì. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mọ́tò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé wa jáde lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, lábẹ́ igi fúrúùtù. Bí a ṣe débẹ̀, wọ́n rán mi ní kútẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní kí ó jẹ́ pupa. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ń di wáyà mú fún wọn, wọ́n ń tò ó. Wọ́n fi àmì kan sára ti àkọ́kọ́, méjì sára ìkejì.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa látọjọ́ yìí?"

Wọ́n fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí àmì náà kí ó lè gbẹ.

"Ta ló bi mí?"

Ojú tì mí. Mo ti bi mẹkáníìkì Múṣin, mo ti bi bàbá Yábàá, mo ti bi òyìnbó inú fóònù, inú ilé kan náà sì ni èmi àti ìyá mi ń sùn. Mo gbé wáyà kẹta sún mọ́ wọn, mo bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn.