Ìgò Kékeré Ayálégbé Mi

Kí ayálégbé mi tó ti ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ ìgò kékeré yẹn, á kọ́kọ́ séèémí. Ẹ̀kán kan péré ló ń kán sínú lọ́fíńdà tó ń pò fáwọn Aládùúrà ní Adégbayì. "Bó bá di méjì, ó bàjẹ́ nìyẹn," ló máa ń wí.

Mo fura. Kí ló le tó bẹ́ẹ̀? Kò sí imú tó mú bíi tèmi ní gbogbo Ẹgbẹ́dá, mo bá ṣí i: kì í ṣe òórùn lọ́fíńdà rárá, òórùn àbẹ́là tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa ni!

"Oògùn nìyí! Kó ẹrù ẹ jáde nílé mi!"

"Ẹ̀ẹ̀, Bàbá Láńlọ́ọ̀dù! Èròjà lọ́fíńdà ni. Òun náà ló wà nínú lọ́fíńdà tẹ́ ẹ fi ń para lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo ní kó má kó jáde mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ara tèmi ni mo kọ́kọ́ ń gbóòórùn kí n tó jáde nílé.