Àpótí Aṣọ Ijó Wa

Obìnrin náà kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ara fu mí.

Mẹ́rìnlá la wà nínú ẹgbẹ́ ijó wa nígbà yẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni gbogbo wa. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Amukoko la ti ń dánra wò. Mùsùlùmí wà láàárín wa, pásítọ̀ kò sì bá wa wí. À ń jó ijó Ìlàjẹ, ti Ẹ̀gùn, ti Ìgbò, ti Ẹ̀gbá. Opó olówó kan láti Àpápá wá wò wá lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní àwọn ará òkè òkun gbọ́dọ̀ rí ijó ilẹ̀ wa, òun á sì gbọ́ bùkátà ìrìn àjò náà tán pátápátá.

"Nítorí kí ni?" ni mo bi olórí ẹgbẹ́ wa.

"Sister, ẹ jẹ́ ká lọ jàre. You too dey suspect people."

Mo ń fura lóòótọ́. Iṣẹ́ ejẹ́ǹtì tó ń báni gba ẹrù ní èbúté ni bàbá mi ń ṣe, ilé rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ pé kí n máa wo ìsàlẹ̀ àpótí.

Mọ́mì, bí a ṣe ń pe obìnrin náà, ní kí wọ́n kan àpótí pákó ńlá kan fún aṣọ ijó àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wa, kí ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ ṣáájú wa. Mo wà níbi tí a ti dì í. Dírẹ́bà Mọ́mì wá gbé e lọ sílé Mọ́mì fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó dé wíà háòsì ní Creek Road, mo bá wọn gbé etí kan. Ó ti wúwo sí i.

Láyé ìgbà yẹn, a kì í yé gbọ́ nípa ẹni tí wọ́n ki oògùn olóró sínú ẹrù rẹ̀. Mo ti ń rí ara mi lẹ́wọ̀n ìlú òyìnbó, tí Mọ́mì ń mu tíì ní Àpápá. Mo sáré lọ bá bàbá mi.

"Ṣé ìwọ lo dì í kẹ́yìn?"

"Rárá, sà."

"Á jẹ́ pé kì í ṣe ẹrù rẹ mọ́ nìyẹn."

Àwọn aṣọ́bodè ti fi èdìdì sí i, wáyà olójé tí wọ́n fi ń di ẹrù tí wọ́n bá ti yẹ̀ wò. Ẹrù tí èdìdì rẹ̀ bá já kò ní wọ ọkọ̀ àfi tí wọ́n bá tún un yẹ̀ wò. Nígbà tí àwọn lébìrà lọ jẹun ọ̀sán, bàbá mi mú píláyà, ó já a.

Súwẹ́tà mẹ́rìnlá la bá lábẹ́ aṣọ wa. Bàbá mi gbọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú ọ̀bẹ, ó la ìṣẹ́tí ọ̀kan. Òwú lásán ló bá níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo yí ọrùn súwẹ́tà náà wò, tí mo rí orúkọ mi, wọ́n fi abẹ́rẹ́ kọ ọ́ sí i. Orúkọ kálukú wà lára tirẹ̀.

Ó yẹ kí ojú tì mí lójú ẹsẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ tún tẹ àwọn tó kù wò, sà."

A dì í padà, bàbá mi sì sọ fáwọn tó ni wíà háòsì pé a bá èdìdì ní jíjá ni. Ọkọ̀ kò dúró de àyẹ̀wò kejì, àpótí náà kù sẹ́yìn. Aṣọ tí a wọ̀ wọ bàlúù la fi jó lọ́hùn-ún, láìsí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, a sì ń gbọ̀n fún òtútù. Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́ bíi pé a ṣe wọ́n láàánú. Wọn ò pè wá mọ́. Mọ́mì tó bá wa lọ ló tún ń bẹ̀ wá: "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Inú àpótí yẹn ni mo kó aṣọ òtútù yín sí."

"Kò burú, mà," ni mo wí.

Nígbà tí a padà dé, ó wá pín súwẹ́tà náà fún wa nínú ooru Amukoko. Ó rí ìṣẹ́tí tèmi.

"Eku wíà háòsì yẹn mà burú o. Gbé e wá, màá bá ẹ rán an."

Ojú ọ̀bẹ ò jọ eyín eku, ẹni tó mọ aṣọ rán á sì mọ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó dá a padà, ó ti rán an dáadáa. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo délé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì tẹ ìṣẹ́tí náà wò yíká.