Ìyá Ẹ-Tún-un-Wí àti Ìwé Kíkà

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Ẹ-Tún-un-Wí ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní ilé-ìwé aládàáni kan. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ju "Ẹ tún un wí!" lọ. Yóò ka gbólóhùn kan, gbogbo kíláàsì yóò sì gbè é, títí òrùlé páànù yóò fi máa dún. Àwọn òbí a dúró lẹ́nu géètì, wọn a máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Àbí ta ni kò ní gbádùn rẹ̀?

Àfi ọ̀gá ilé-ìwé tuntun, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ó ní ariwo kì í ṣe ìwé kíkà. Níparí ọdún, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dá ìwé kà níwájú òun. Èyí tí kò bá lè kà á kò ní bọ́ sí kíláàsì kejì. Ìyá pòṣé ṣàà. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," ó wí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń já a láyà: ọmọbìnrin kékeré kan, ọmọ aránṣọ, tó ti tún kíláàsì náà ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún fìdí rẹmi, wọn yóò ní kí ìyá rẹ̀ wá mú un lọ. Nítorí náà, bí àwọn yòókù bá ń ṣeré lọ́sàn-án, Ìyá yóò jókòó tì í pẹ̀lú ìwé. "Bàbá ra bàtà. Tún un wí, ìyá mi." Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọ náà ń kà á bí ẹní mumi. Omi ayọ̀ bọ́ lójú Ìyá.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá ṣí ìwé náà sí àárín, níbi tí wọ́n ya ewúrẹ́ sí. "Ó yá, kà á fún mi."

Ọmọ náà fi ìka lé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. "Bàbá ra bàtà!" ló kígbe. Ìka ń lọ, ẹnu ń lọ. "Bàtà náà tóbi. Bàbá dá a padà." Ó yíjú sí olùkọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé mo kà á dáadáa?"

Yéè! Ọ̀gá kàn fi ìka tọ́ka sí ewúrẹ́ inú ìwé náà. Ì bá tiẹ̀ sàn kó bú u. Ìyá kò fi ọjọ́ kan ṣí ìwé yẹn láti àárín rí.

"Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀," Ìyá bẹ̀bẹ̀. "Ẹ jẹ́ n pe olórí kíláàsì. Orí ọmọ yẹn pé jù."

Olórí kíláàsì wọlé, ó nà gbọnrangandan. Ìyá fúnra rẹ̀ ló gbé ojú ìwé ewúrẹ́ náà síwájú rẹ̀. Ọmọ náà wò ó dáadáa, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì ka ojú ìwé kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè.

Ìyá jókòó sórí àga àwọn ọmọdé. Kò lè pe ẹnì kẹta.