Aṣọ Àrán Méjìlá àti Ọba Dáfídì

Ní ṣọ́ọ̀bù ìyá tí mo kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ wọn ní Ajégúnlẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, máṣíìnì kankan kò gbọdọ̀ dún láàárọ̀ láìjẹ́ pé a ti ka orí kan nínú ìtàn àwọn ọba ayé àtijọ́. Mo rántí Bíbélì dúdú yẹn, tí èèpo rẹ̀ ti ya, tí Màmá máa ń gbé sórí tábìlì tí a fi ń gé aṣọ, láàárín sísọ́ọ̀sì àti téèpù. Kálukú àwa ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ní ọjọ́ tirẹ̀ láti kà á. A máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Sọ́ọ̀lù ti ń wá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bàbá rẹ̀ kiri, títí dé ibi tí wọ́n ti kó àwọn ọba lẹ́rú lọ sí Bábílónì, bí a bá sì kà á tán, a ó tún padà síbẹ̀rẹ̀. Bí tírélà tó ń lọ sí èbúté Tin Can bá ń fun fèrè, Màmá á ní ká dúró kó kọjá, kí ọ̀rọ̀ kankan má bàa sọnù. "Ẹ má ka ọba bí ẹni ń pàlọ́," ni wọ́n máa ń wí. "Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí lẹ ṣì máa jọba lórí ẹnì kan, ó pẹ́ ni, ó yá ni."

Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa mí. Ọba kẹ̀? Èmi tí bàbá mi ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù, tí àwa mẹ́jọ ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo? Ibo ladé ti fẹ́ bá mi? Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìtàn náà. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, mo ti mọ àwọn ọba Júdà ju àwọn mọ̀lẹ́bí bàbá mi lọ, mo sì máa ń bú àwọn tó burú nínú wọn bí ẹni pé a jọ ń gbé ládùúgbò.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé láàárín àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Sínió. Ẹni tó tẹ̀ lé mi ni ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi ṣáájú rẹ̀. Òun náà máa ń ka Bíbélì yẹn bó bá kàn án, pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀ lórí, á sì máa sọ fún wa pé Ànọ́bì Dáúdà ni àwọn ń pe Dáfídì nílé kéú. Màmá á rẹ́rìn-ín, wọn á ní, "Orúkọ tó wù ọ́ ni kó o pè é, ìwà rẹ̀ ni kó o mú." Ẹni jẹ́jẹ́ ni ọmọbìnrin náà. Èmi ní tèmi, ẹnu mi mú bí abẹ.

Lọ́dún tí àwa méjèèjì jọ máa gba òmìnira lọ́jọ́ kan náà, tí a máa di tẹ́lọ̀ tó dá dúró, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Màmá lẹ́nu, dókítà sì ní àfi iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ ńlá kan wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ìyá kan tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Àpápá ti gbé odindi igàn àrán pupa wá, pé ká fi rán aṣọ akọrin méjìlá fún ọjọ́ tí wọ́n máa ya ilé ìjọsìn wọn tuntun sí mímọ́. Kí Màmá tó lọ sílé ìwòsàn, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo wa. Wọ́n ní ká máa ka Bíbélì wa lọ. Wọ́n ní kí n máa dá àgékù aṣọ padà fún oníbàárà sínú ọ̀rá, ìbáà ṣe èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí n má sì fi ọ̀rọ̀ gún ẹnikẹ́ni lára. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá."

Ẹ gbà mí o! Ọjọ́ kejì ni mo ti jókòó sórí àga Màmá. Ọjọ́ kẹta, mo dá Bíbélì kíkà dúró, mo ní iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, Ọlọ́run náà rí i. Èmi tí mo máa ń bú Réhóbóámù pé kò gbọ́ràn sáwọn àgbà lẹ́nu ni mo wá ń rán àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ ra oúnjẹ fún mi, tí mo tún ń ní kí wọ́n fọ abọ́ tí mo fi jẹ ẹ́. Oyè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń gùn mí.

Àrán ní irun lára. Bí èèyàn bá fi ọwọ́ ra á wálẹ̀, á máa dán. Bó bá fi ọwọ́ ra á lọ sókè, irun náà á ta kò ó, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣú. Nítorí náà, gbogbo gígé tó bá wà lára aṣọ kan gbọ́dọ̀ kọrí síbì kan náà. Mo mọ èyí bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé bí mo bá to pátánì náà ní orí síbí, ẹsẹ̀ sọ́hùn-ún, aṣọ á ṣẹ́kù dáadáa, á sì tó mi í fi rán búláòsì tí màá wọ̀ lọ́jọ́ òmìnira mi. Ojú mi wọ búláòsì náà, kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo fa ṣọ́ọ̀kì, mo kọ "iwájú" àti "ẹ̀yìn" sí abẹ́ aṣọ, mo sì pe ọmọbìnrin Mùsùlùmí yẹn pé kó wá gé e. Ó fọwọ́ ra aṣọ náà, ó gbé sísọ́ọ̀sì dúró.

"Sínió, àbẹ́ẹ̀gì, irun ẹ̀yìn yìí ń lọ sókè, ti iwájú ń bọ̀ nílẹ̀. Kò ní bára mu o."

"Ta ni Màmá fún ní kọ́kọ́rọ́?" ni mo bi í. "Gé e jàre."

Ó gé e.

Ṣọ́ọ̀bù wa ṣókùnkùn díẹ̀, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. A rán méjèèjìlá, a lọ̀ wọ́n, mo sì kó wọn fún oníbàárà lọ́jọ́ Ẹtì. Màmá ti ilé ìwòsàn dé lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú báńdéèjì lójú kan. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ tán ni ìyá Àpápá já wọlé, awakọ̀ wọn ru aṣọ tẹ̀ lé wọn, ó sì dà á sórí tábìlì. Wọ́n ní àwọn to àwọn akọrin sínú oòrùn láti ya fọ́tò ni ojú ti àwọn: iwájú gbogbo wọn ń dán yòò, ẹ̀yìn ṣú bí ẹni pé aṣọ mìíràn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. "Ta ló gé e?" ni wọ́n ń pariwo. Wọ́n ní àfi kí Màmá lé ẹni náà lọ lójú àwọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á mú un dé tẹ́ṣàn, gbogbo Àpápá á sì gbọ́.

Màmá mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà. Wọ́n fọwọ́ ra iwájú aṣọ, wọ́n fọwọ́ ra ẹ̀yìn. Wọ́n yí inú rẹ̀ síta, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú kan tó kù. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo nàka. Mo ní, "Òun ló gé e, Màmá. Mo fa ṣọ́ọ̀kì síbi tó yẹ, òun ló yí aṣọ padà."

Ọmọbìnrin Mùsùlùmí yẹn wò mí. Kò bú mi, kò sì sunkún. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù tó máa gba òmìnira; ìyá rẹ̀ ti gba ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un lọ́nà Kírikírì, bí wọ́n bá sì lé e lọ́jọ́ yẹn, ọdún mẹ́ta rẹ̀ ti wọgbó nìyẹn. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì dúró síbẹ̀, mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ó fata sẹ́nu.

Ohun tí Màmá ṣe tẹ̀ lé e, mi ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó lè bí oníbàárà náà lọ́mọ, kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, orúnkún méjèèjì. "Èmi ni mo bà á jẹ́, ẹ jọ̀ọ́," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo sì yan ẹni tó dúró dè mí. Àwọn ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ tẹ́ṣàn ni, ẹ jẹ́ n wọ bàtà mi ká máa lọ."

Ariwo kú lẹ́nu ìyá Àpápá. Wọ́n sáré fa Màmá dìde, wọ́n ní ó ti tó, kí Màmá kàn dá ìdajì owó iṣẹ́ padà, àwọn á fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Màmá mirí. "Rárá o. Ilé Ọlọ́run ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Mi ò ní gbé ohun tí kò ná mi ní nǹkan kan lọ síbẹ̀. Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ta máṣíìnì tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi ra àrán tuntun.

Kò sẹ́ni tó bi mí ní ohunkóhun, ìyẹn gan-an ló ń pa mí lọ. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ara ì bá tù mí. Ọmọbìnrin tí mo purọ́ mọ́ ń kí mi láràárọ̀, ó tún bù fún mi nínú mọ́ínmọ́ín rẹ̀. Mo gbà á, mo jẹ ẹ́. Màmá ní ká padà sínú Bíbélì, níbi tí mo ti já a sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó kàn mí láti kà. Orí tó kàn ni ti Ọba Dáfídì nígbà tó ní kí wọ́n lọ ka gbogbo èèyàn ilẹ̀ rẹ̀.

Mo ti ka orí yẹn rí, eré ni mo máa ń fi í ṣe, mo máa ń ní ọba yìí ò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Lọ́jọ́ yẹn, mo rí i pé balógun rẹ̀ kìlọ̀ fún un, ọba ò gbọ́. Mo kà á dé ibi tí àjàkálẹ̀ àrùn ti ń pa àwọn èèyàn, tí ọba ké pe Ọlọ́run pé òun lòun ṣẹ̀, kí ni àwọn àgùntàn wọ̀nyí ṣe, kí ìyà náà wá sórí òun. Ohùn mi gé. Gbogbo irun ara mi dìde. Háà! Àṣé ọ̀rọ̀ ọba ni Màmá ń sọ lórí ìkúnlẹ̀! Àṣé ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ láti ayé báyẹn lè dìde dúró nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ní Ajégúnlẹ̀, kó sì wé gèlè! Ká ní mi ò dá Bíbélì kíkà dúró, à bá ti ka orí yẹn kọjá tipẹ́tipẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dá a dúró de ara mi.

Mo dojú bolẹ̀ níwájú gbogbo wọn. "Èmi ni. Èmi ni mo fa ṣọ́ọ̀kì. Ó kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Nítorí búláòsì ni." Mo sunkún débi pé ikun dí mi nímú.

"Dìde," ni Màmá wí. "Ka ẹsẹ̀ tó kù."

Mo kà á tán tẹkúntẹkún. Màmá wá tẹ́ àrán tuntun náà sórí tábìlì, wọ́n na sísọ́ọ̀sì sí mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún ẹlòmíì. Wọ́n ní, "Ẹni tó ti bà á jẹ́ rí ló mọ ibi tí irun ń lọ." Mo gé méjèèjìlá. Irú ẹ̀rù ọlọ́wọ̀ tó bà mí lọ́jọ́ yẹn, kò sí ìwàásù tó tíì fún mi nírú rẹ̀. Ọmọbìnrin Mùsùlùmí yẹn gba òmìnira rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ. Èmi lo ọdún kan sí i, mò ń gbálẹ̀, mò ń bá àwọn ọmọ tuntun tú aṣọ, kò sì sẹ́ni tó pè mí ní Sínió mọ́ àfi òun.

Màmá ti lọ sinmi báyìí. Èmi náà ti ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ márùn-ún, a sì ń ka ìtàn àwọn ọba. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún wọn pé Màmá ni ọba tó dára jù tí mo fojú rí. Lọ́dún tó kọjá, nígbà ààwẹ̀, mo gbé èso lọ fún ọ̀rẹ́ mi yẹn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́nà Kírikírì. Ọ̀rọ̀ kan ọ̀rọ̀, mo ní kò tíì yé mi títí dòní bí Màmá ò ṣe fura sí mi. Ó ń fi ọwọ́ gán bọ́tìnì, kò gbójú sókè.

"Fura kẹ̀? Wọ́n rí i lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ tó o fi ṣọ́ọ̀kì kọ sínú aṣọ, ti iwájú dúró ṣánṣán, ti ẹ̀yìn dorí kodò; wọ́n mọ̀ pé ìwọ lo to pátánì bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ lé ẹ lọ. Èmi ni mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n fún ẹ lọ́jọ́ mẹ́ta, pé o máa fẹnu ara ẹ sọ ọ́."

Mo bi í pé, ká ní ọjọ́ kẹta kọjá tí mi ò sọ ọ́ ńkọ́?

"Ǹ bá tún bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ kẹrin," ló wí. "Sínió, ṣebí mo mọ̀ ẹ́."

Gbogbo ọdún tí mo fi ń ròyìn ọba, orí kan ṣoṣo ni mo ń dé adé sí, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí mo fẹ́ tà nítorí búláòsì ló ti kúnlẹ̀ fún mi ṣáájú kí n tó mọ̀ pé mo nílò rẹ̀. Wọ́n pe ìrun àṣálẹ́. Ó já òwú, ó fọmi sẹ́nu láti ṣínu, ó sì gba mọ́ṣáláṣí lọ. Kò ti ilẹ̀kùn, kò sì ní kí n ṣọ́ nǹkan kan. Mo fa àga sí ẹnu ọ̀nà, mo jókòó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí ó fi padà dé.