Abọ́ Tó Mọ́ Jù Létí Ògùnpa

Mo rántí ìgbà tí ìjọba ní kí a ka àwọn ará etí odò Ògùnpa. Tíṣà kékeré ni mí, mo wọ bàtà gíga, mo sọ̀ kalẹ̀ láti Màpó lọ sínú ẹrẹ̀. Mo ti ya àdúgbò náà sínú ìwé: odò níhìn-ín, ilé lọ́hùn-ún, ìlà gbọọrọ láàárín. Odò kò mọ̀wé. Lẹ́ẹ̀rùn, ọgbà ẹ̀fọ́ ni etí rẹ̀. Bí òjò bá dé, odò a máa wọ yàrá oníyàrá. Mo bi baba ahunṣọ kan pé ibo ni ilẹ̀ agboolé wọn parí sí. Wọ́n ní, "Bi odò, Tíṣà. Òun ló ń pín in fún wa."

Nílé kejì, ìyá àgbà kan bomi fún mi mu, wọ́n wá ní n kò gbọdọ̀ ka ọmọ àwọn. "A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ." Mo ṣàlàyé pé iye wa ni ìjọba máa wò kó tó fún wa ní omi ẹ̀rọ. Wọ́n wo odò, wọ́n wo bàtà mi, wọ́n ní, "Omi kọ́ ló wọ́n wa, ọmọ mi."

Àánú mi ló padà ṣe wọ́n. Olúkúlùkù ló ní abọ́ tirẹ̀ nílé náà, wọ́n sì ní kí n ka abọ́. Bí mo ṣe ń kà á ni wọ́n ń dárúkọ ẹni tó ni ín, mo ń kọ ọ́, mo sì ń yangàn bí ẹni pé èmi ni mo dá ọgbọ́n náà.

Ó ku ẹyọ kan, òun ló mọ́ jù. Àbígbẹ̀yìn wọn ló ni ín. Ó ti lọ Kùmásí tipẹ́tipẹ́, kò sì ránṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fọ abọ́ rẹ̀. Ọ̀gá wa ti kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá sùn nílé, a kò gbọdọ̀ kọ ọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Wọ́n gbé abọ́ náà mọ́ àyà. "Tí o bá fò ó, ìwọ lo wá túfọ̀ ọmọ mi fún mi yẹn."

Ojú tì mí. Mo kọ orúkọ ọmọ náà. Ìyá tó ní a kì í ka ọmọ wá ní, "Kà á sí mi létí." Mo kà á. Wọ́n dá abọ́ náà padà sáàárín àwọn yòókù.

Odò ti gba ilẹ̀ agboolé náà báyìí. Mo ṣì ń gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn pé iye tí a kà nígbà náà lé ju bó ṣe yẹ lọ. Òótọ́ ni, ó lé. Mo mọ ẹyọ kan níbẹ̀, mo mọ abọ́ rẹ̀, n kò sì ní yọ ọ́.