Àwọ̀ Òṣùmàrè Lójú Títì

Kò sẹ́ni tó rántí orúkọ tí wọ́n sọ Baba Rọra mọ́ ládùúgbò, àfi ìyàwó rẹ̀, òun náà kì í sì í pè é àfi tí inú bá ń bí i. Alùpùpù ló ń gùn, èrò ló ń gbé. Bó o bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, orin tí wàá máa gbọ́ títí wàá fi délé nìyí: “Yanrìn rè é o, ẹ dì mí mú. Ewé tútù rè é. Ìlà funfun tí wọ́n kùn yìí, òun náà ń yọ̀.” Níbi tí ojú rẹ̀ kò bá ti gbà á, á dúró, á bọ́ bàtà, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ tọ́ títì wò bí ìyá ọmọ ṣe ń fọwọ́ tọ́ omi ìwẹ̀ ọmọ wò.

Èrò tó ń kánjú á pòṣé. “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ bá títì jó ni?”

“Ẹni tó ń kánjú gan-an ló yẹ kó délé láyọ̀,” ni yóò fi dá a lóhùn.

Wọn ò bí ọgbọ́n náà mọ́ ọn o. Nígbà tó ṣì jẹ́ géńdé, Atẹ́gùn ni wọ́n ń pè é. Kò tíì pẹ́ tó gbéyàwó nígbà tó gbé ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, sẹ́yìn alùpùpù lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán. Aṣọ funfun tí ìyàwó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló wà lọ́rùn ìyàwó. Àkọ́rọ̀ òjò ti ta sílẹ̀ díẹ̀. Ní kọ́nà tí àwọn ọkọ̀ ńlá máa ń dúró sí, ọ́ìlì ti tàn sórí omi, ó pupa, ó tún dà bí ewé, ó tún dà bí aró, òṣùmàrè gan-an. Ó dùn mọ́ Atẹ́gùn nínú. Ó ká ọwọ́ kan kúrò lórí ọwọ́ alùpùpù, ó nà án sí i. “Olólùfẹ́ mi, wò ó!”

“Mo wò ó,” bí ìyàwó ṣe máa ń sọ ìtàn náà nìyẹn. “Kí n tó wò ó tán, mo ti wà nínú rẹ̀.”

Ọlọ́run ṣàánú, kò ju pé ìgbọ̀nwọ́ bó lọ. Àwòrán náà wà lára ògiri pálọ̀ dòní: ìyàwó fi báàgì bo ìbàdí, ọkọ ń rẹ́rìn-ín nínú ṣòkòtò tó ya lórúnkún. Ìyàwó fọ aṣọ náà títí, ó sá a títí, ọ́ìlì ò lọ. Ó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó kó o fún ọkọ rẹ̀. “Alùpùpù yín ló bà á jẹ́. Kí alùpùpù yín máa fi nura.” Ó ní onígbàgbọ́ kì í búra, nítorí náà òun kò búra, òun kàn ń sọ fún un ni pé òun kò tún jókòó sẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Ó sì dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n bímọ, àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n ṣí kúrò nílé. Láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ìyàwó á há Bíbélì mọ́ abíyá, á máa fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìsìn, ọkọ á máa fi alùpùpù wọ́ tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Màmá, gùn ún.”

“Ẹsẹ̀ mi kì í yọ̀.”

Gbogbo ìlú ló ti jókòó sẹ́yìn Baba Rọra. Ẹni tó tìtorí rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọra nìkan ni kò jókòó síbẹ̀. Ohun tó máa ń dùn ún nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ló máa ń fi bò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún. Àna wọn ni: àkọ́bí wọn obìnrin ti bímọ, obìnrin làǹtì lanti! Ìyàwó jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ ká, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìgbà tó jó tán ló rántí afárá. Wọ́n ń tún un ṣe, mọ́tò kankan ò lè kọjá àfi alùpùpù, ilé ìwòsàn sì wà lódìkejì. Ọ̀sán làwọn nọ́ọ̀sì máa ń lé àlejò jáde, orúnkún rẹ̀ kò sì gba ìrìn tó jìn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo alùpùpù, ó wo òkè ọ̀run, ó mí kanlẹ̀.

“Ẹ gbé akoto wá.”

Baba Rọra fi àkísà kan nu ìjókòó. Ìyàwó tẹjú mọ́ àkísà náà: funfun tó ti di eérú.

“Èyí ṣì kù?”

“Òun nìkan ló kù. N kì í fi nu ọ́ìlì.”

Ìyàwó dé akoto. Ó kó ìró jọ, ó gbé ẹsẹ̀ kọ́ ọn, ó jókòó, ó gbé àpò ẹrù ọmọ lé itan. Ẹ́ńjìnnì dún. Àfi tó, tó, tó lórí páànù. Àkọ́rọ̀ òjò ọdún náà ló dé yẹn.

Baba Rọra pa ẹ́ńjìnnì.

“Kí ló dé?”

“Òjò ni.”

“Èyí tí kò lè rẹ òròmọdìyẹ?”

“Òun gan-an ló burú. Eruku àti ọ́ìlì ti sùn sójú títì látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò kékeré ò lè fọ̀ ọ́ lọ, ó kàn ń jí i ni. Jẹ́ kó rọ̀ dáadáa.”

“Baálé mi, láti bí ọdún mélòó lẹ ti ń bẹ̀ mí? Mo wá gùn ún tán, ẹ ní ẹ ò lọ. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ tí mo gbé kọ́ yìí, mi ò ní í gbé e kọ́ ọn mọ́.”

Baba Rọra bojú wẹ̀yìn wò ó. Ó mọ obìnrin náà. Bí òun bá lọ tí táyà yọ̀, ó parí. Bí òun kò bá lọ tó sọ̀ kalẹ̀, ó parí náà. Ó wo títì: àwọ̀ òṣùmàrè ti ń yọjú.

“Màmá, má sọ̀ kalẹ̀. Jókòó síbẹ̀.”

Ló bá ti alùpùpù tòun tìyàwó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di ọwọ́ alùpùpù méjèèjì mú kó má baà fì. Ìyàwó jókòó sókè pẹ̀lú akoto lórí, bí ọba tí ẹṣin rẹ̀ kọ̀ tí kò rìn.

Fọganáísà tó ń lẹ táyà lódìkejì títì rí wọn. “Ìyá wa, ṣé ẹ ti débẹ̀?”

“A ti débẹ̀, à ń padà bọ̀ ni!”

“Bàbá, bó bá jẹ́ bí ẹ óò ṣe máa gùn ún rèé, táyà yín ò ní jò láéláé. Ẹ jẹ́ kí n kúkú lọ kọ́ṣẹ́ míì.”

Ìyàwó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí akoto fi bò ó lójú. Nígbà tó gbé e sókè, ojú títì ló kọ́kọ́ wò.

“Ó lẹ́wà ṣá o. Àwọ̀ yẹn.”

“Ọwọ́ mi ò kúrò níbi tó wà o,” ni Baba Rọra wí.

Ìgbà náà ni ìyàwó wo ẹ̀yìn ọkọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ wà níta ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi òrùlé ń ṣàn lé e, kò sì fi ọwọ́ kankan sílẹ̀ láti nu ojú. Ó tú gèlè tó so mọ́ ìbàdí, ó fi nu ojú náà fún un. Ó fa agbòjò yọ nínú àpò, ó ṣí i, ó nà án sórí rẹ̀.

“A óò jọ dúró dè é,” ló wí.

Òjò náà wá rọ̀ gidi, ó bú ramúramù, gọ́tà kún, àwọ̀ bá omi lọ. Nígbà tó dá, Baba Rọra bọ́ bàtà, ó jáde sí títì, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tọ́ ọ wò.

“Kí ló wí?” ni ìyàwó béèrè látókè.

“Ó ní ká máa bọ̀.”

Bí wọ́n ṣe gbéra nìyẹn.

“Yanrìn rè é!”

“Olúwa, gbà wá!”

“Ewé tútù!”

“Olúwa, gbà wá!”

Àwọn tí wọ́n kọjá lára wọn rò pé ìsọjí ló ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé afárá, irin pẹrẹsẹ làwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ sílẹ̀, omi sì wà lórí rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn yọ̀ bí ẹja. Baba Rọra kò tẹ bíréèkì, ìyàwó kò fì, ó kàn dì mọ́ ọn níbàdí. Táyà rí ilẹ̀ mú.

“O ò pariwo,” ni ọkọ wí nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀.

“Ẹ̀yin náà ò nawọ́ sí nǹkan kan.”

Nọ́ọ̀sì ti ń lé àlejò jáde nígbà tí wọ́n wọlé, ṣùgbọ́n ó rí akoto lórí ìyá àgbà, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè lé wọn. Ọmọ wọn dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Màámi! Ta ló gbé yín wá?”

“Bàbá yín ni.”

“Ẹ jókòó sẹ́yìn Bàbá?”

“Mo pẹ́ lórí rẹ̀ ju bó o ṣe rò lọ.”

Wọ́n gbé ọmọ lé Baba Rọra lọ́wọ́. Ó gbà á bí ẹni tó dúró lórí ọ́ìlì, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wo ojú ọmọ náà pẹ́, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó mú wọn dé ibẹ̀ lórí táyà méjì.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, kò sẹ́ni tó bẹ ìyàwó. Ó kó ìró jọ fúnra rẹ̀, ó gùn ún. Oòrùn ti yọ. Bí wọ́n ṣe já kọ́nà àwọn ọkọ̀ ńlá, ó gbá ọkọ rẹ̀ léjìká.

“Bàbá, ẹ wò ó! Òṣùmàrè lókè!”

“Mi ò wò.”

“Ó gùn látìhín dé ẹ̀yìn ilé ìsìn!”

“Mi ò wò. Sọ ọ́ fún mi.”

Ló bá ń kà á fún un létí, láti orí pupa bọ́ sísàlẹ̀, bí ẹni ń ka aṣọ fún oníbàárà. Títì ti gbẹ níbẹ̀. Kò sí yanrìn, kò sí ewé, kò sí ọ́ìlì kankan. Síbẹ̀, Baba Rọra ń rọra lọ.