Amọ̀ Ni, Kì í Ṣe Omi Gbígbóná

Ẹni bá fi ojú mi gbolẹ̀, mo máa ń san án fún un. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń ti Mowe lọ sí Ifọ̀ láràárọ̀, èmi àti ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. À ń wá ibi tí omi gbígbóná wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, kí wọ́n lè fi ooru rẹ̀ fa iná mànàmáná. A ó gbá irin mẹ́rin wọlẹ̀, a ó da omi iyọ̀ sí ìdí wọn, a ó rán iná bátìrì gba inú ilẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ á sì sọ bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná náà tó. Bí nọ́ńbà bá kéré, ó lè jẹ́ omi gbígbóná. Ó sì lè jẹ́ amọ̀ lásán.

Oko ẹ̀gẹ́ ìyá àgbà kan ni nọ́ńbà ti kéré jù. Bí ìyá ṣe ń fún mi lómi mu, ó ní, "Ọmọ mi, amọ̀ ló wà níbẹ̀ o. Bàbá mi gbẹ́ kànga síbẹ̀ títí, amọ̀ náà ló ń bá." Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ bá àwọn olówó iṣẹ́ náà ní Arepo. Ọ̀gá tẹ́ àwòrán tí mo yà sórí tábìlì, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà lára rẹ̀. Bí mo ṣe lanu láti sọ ti amọ̀, ó ní, "Jọ̀ọ́, bá wa lọ wo jẹnẹrétọ̀ níta." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó dáa náà. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo fa ojú ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ ìyá sí ya, mo panu mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, mo wọ aṣọ tó dáa. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀ gun orí ẹ̀gẹ́ ìyá, ó tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, amọ̀ ni wọ́n ń gbé jáde. Àwọn olówó bèèrè omi gbígbóná, òógùn bo ọ̀gá, ó ń wo ojú mi. Mo gbójú síbòmíì. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí n má parọ́, inú mi dùn kọjá sísọ.

Ìyá ti ń ṣa ẹ̀gẹ́ tó fọ́ sínú agbọ̀n. Kò tíì gbó rárá. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ò rántí sọ fún wọn ni?"

Mo ní, "Mo gbàgbé ni, ìyá."

Ó ní kò burú, èèyàn máa ń gbàgbé. Èyí gan-an ni mi ò lè forí ji ọ̀gá mi: òun ló jẹ́ kí n parọ́ fún ìyá yẹn.